Wọ́n Ti Gé Àràbà, Àmọ́ Ó Wà Nínú Máàpù Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń da ara yín láàmú pé iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ ṣe láyé, ẹ sún mọ́bí. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò ṣe lọ́yà, mi ò sì ní ilé epo. Máàpù ni mo yà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge títí di ìgbà tí irun mi funfun, iṣẹ́ mi kò ju pé kí ẹni tí kò mọ ọ̀nà lè mọ ọ̀nà. Fọlákẹ́ ni bàbá mi sọ mí. Àwọn awakọ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ló sọ mí ní Màmá Máàpù, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi débi pé àlùfáà ìjọ wa fi pè mí níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ kan. Mo dìde, mo dáhùn, mo jókòó. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé owó ló gbé òun dé ìdí iṣẹ́ òun, ẹ gbà á gbọ́, irú wọn pọ̀. Tèmi kọ́. Ọmọ kan tí wọ́n bí sẹ́bàá ọ̀nà ló gbé mi dé ìdí tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Adùkẹ́, àti ọkọ rẹ̀, Bùọ̀dá Láyí, ń gbé ní Àpáta. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Alájọgbélé wa kan gun alùpùpù lọ bá Bùọ̀dá Láyí níbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Bùọ̀dá háyà takisí kan níbẹ̀, wọ́n ní kí awakọ̀ máa lọ gbé ìyàwó àwọn, kí àwọn sáré lọ mú ìyá wa wá láti Ṣàngó. Awakọ̀ ní òun kò mọ ilé. Bùọ̀dá Láyí ní, "Kò le rárá. Tí o bá ti dé Àpáta, yà sí ọ̀tún ní ìdí àràbà. Ẹnikẹ́ni tí o bá bi á fi hàn ọ́."

Àràbà wo? Wọ́n ti gé àràbà ọ̀hún kí èmi tó mọ Àpáta rárá! Àwọn àgbà máa ń sọ pé àràbà kò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Ti Àpáta tiwa kò wó lóòótọ́. Wọ́n là á ní pákó ni. Àmọ́ ẹ mọ àwa ará Ìbàdàn. Ohun tí kò sí mọ́ la fi ń júwe ọ̀nà. A ó ní kí o bọ́ọ́lẹ̀ níbi tí sinimá wà tẹ́lẹ̀, kí o kọjá ilé alágbẹ̀dẹ tó ti kú, kí o wá bèèrè ọ̀dọ̀ ìyá tó ti kó lọ. Àwa mọ̀ ọ́n. Àlejò ńkọ́?

Awakọ̀ náà bèèrè títí. Ọ̀kan ní, "Ìdí àràbà? Ẹ ti kọjá rẹ̀." Òmíràn ní, "Ó wà níwájú yín." Òun ń gbójú sókè, ó ń wá igi. Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn baba wa ló sọ ọ́. Ọkùnrin yìí bèèrè, ó sì ṣìnà, ó sì fi ìbínú padà sí Dùgbẹ̀.

Nígbà tí a retí retí tí a kò rí ọkọ̀, mo gbé báàgì lérí, Àǹtí mi fi ọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A kò tíì dé títì tí wọ́n fi kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ oníbúrẹ́dì kan. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ó ti dé." Oníbúrẹ́dì yẹn, Ọlọ́run á bùkún fún un níbi tó bá wà, ó lé àwọn ọkùnrin sẹ́yìn, ó fọ ọwọ́, ó tẹ́ àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀. Orí àpò ìyẹ̀fun ni ọmọ bọ́ sí. Irun orí rẹ̀ funfun bí ti arúgbó, ó sì ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Abíọ́nà la sọ ọ́. Orúkọ mìíràn wo la fẹ́ sọ ẹni tí wọ́n bí sọ́nà?

A rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára Àǹtí mi kí a tó rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé wa. Wọ́n pẹ́ ní ọsibítù débi pé mo ń fi omi ìrẹsì bọ́ ọmọ ní ilé, mo ń sunkún sínú abọ́. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi búra lẹ́bàá ibùsùn wọn pé bí Àǹtí mi bá lè dìde, kò ní sí Abíọ́nà kejì nínú ẹbí wa. Ọmọ dára, orúkọ dára. Ohun tó fà á ni kò dára.

Àǹtí mi dìde. Bí mo ṣe dé ìdí máàpù nìyẹn.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gba àlàyé: ọ̀rẹ́ Bùọ̀dá Láyí kan mọ ẹnì kan. Owó oṣù náà kéré, mo jẹun, mo ra bàtà, ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ni ti Ọ̀gá mi.

Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ni, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Dùgbẹ̀, wọ́n ń ta bàtà nísàlẹ̀. Ọ̀gá Àkànbí ló ń darí àwa tí à ń ya máàpù. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í wọ bàtà lọ́jọ́ ìsinmi, mo sì rò pé bàtà wọn nílò ìsinmi náà, nítorí kò sí ọjọ́ tó kù tí wọn kì í rìn ín gbó. Ọjọ́ tí mo dé, wọn kò sọ pé kí n jókòó.

"O mọ ìwé kà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O mọ àwòrán yà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O mọ ìrìn rìn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi wà níbẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kálàmù. Láràárọ̀ ni wọ́n á rán mi lọ sí òpópónà kan, kí n rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n padà wá ròyìn. "Ẹsẹ̀ ni kálàmù àkọ́kọ́," bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Mo bá dé, mo sọ orúkọ tí mo rí lára pátákó. Wọ́n á wò mí bí ẹni tó bu iyọ̀ sínú ògì.

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n kọ sára pátákó. Kí ni ẹnu ń pe ibẹ̀?"

"Mi ò bèèrè, sà."

"Padà lọ bèèrè."

Mo padà lọ. Nínú oòrùn. Mo bú Ọ̀gá nínú mi láti Dùgbẹ̀ títí dé Ring Road, mo tún bú wọn bọ̀. Àmọ́ lórí máàpù tiwa, orúkọ méjì ló máa ń wà: èyí tí ìjọba mọ̀, àti ní kékeré lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ẹnu ń pè é. Àwọn ọ́fíìsì mìíràn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé máàpù wa ń ṣe òfófó.

Lọ́jọ́ kan mo ṣe ọkàn gírí, mo ní, "Ọ̀gá, tí ohun tí ẹnu ń pè kò bá sí mọ́ ńkọ́? Àràbà kan wà ní Àpáta tí wọ́n ti gé." Mo bá sọ ti Abíọ́nà fún wọn, gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan ìyẹ̀fun. Wọ́n gbé kálàmù sílẹ̀.

"Ṣé àwọn ènìyàn ti gbàgbé orúkọ náà?"

"Rárá, sà."

"Kọ ọ́ nígbà náà. Igi ló lọ, ibẹ̀ kò lọ."

Ẹ wò ó, ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ bàbá olóòótọ́ yẹn. Àpáta ni wọ́n fún mi ṣe máàpù àkọ́kọ́ tí mo dá yà. Mo kọ Ìdí Àràbà síbẹ̀, mo kọ Ìsọ̀ Oníbúrẹ́dì síbẹ̀.

Òfin kejì Ọ̀gá le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sọ́kàn nítorí ó ń bọ̀ wá yọ mí lẹ́nu. Gbogbo ibi lórí ilẹ̀ ayé ló ní nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ń sọ bó ṣe lọ sí ìhà àríwá tó, èkejì ń sọ bó ṣe lọ sí ìhà ìlà-oòrùn tó. Ọ̀gá ní àríwá ni àgbà. "Fọlákẹ́, tí o bá wọ ilé ènìyàn, ṣé àbúrò ni wàá kọ́kọ́ kí, kí o tó kí ẹ̀gbọ́n?" Rárá, sà. "Kí àríwá, kí o tó kí ìlà-oòrùn." Ẹni tó bá ṣì í kọ, wọ́n á mú abẹ, wọ́n á ha gbogbo ìlà náà dànù kúrò lórí bébà, ìwọ á sì tún un kọ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Òfin yìí wọ̀ mí lẹ́jẹ̀ débi pé bí mo bá ń gbàdúrà, àríwá ni mo kọ́kọ́ ń kọjú sí.

Iṣẹ́ náà ní ẹ̀rín tirẹ̀. Àwọn ènìyàn gbà pé ẹni tó bá ń wo ilé tó sì ń kọ nǹkan, wíwó ló fẹ́ wó o. Ní Ṣàngó, ìyá kan tó ń ta kẹrosíìnì na àrọ tó fi ń rọ ọ́ sí mi lójú. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí lò ń kọ? Ṣé ẹ fẹ́ fi ọ̀dà pupa sára ilé mi ni?"

"Rárá o, mà. Orúkọ tí wọ́n ń pe ibí yìí ni mo fẹ́ kọ."

Wọ́n ronú díẹ̀. "Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń pè é. Kọ orúkọ mi sí i. Kọ ọ́ kó tóbi!"

Wọ́n gbé àpótí fún mi, wọ́n fún mi ní ẹ̀pà. Kí n tó jẹ ẹ́ tán, oníṣòwò tó kọjú sí wọn ti gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń bèèrè ohun tó dé tí orúkọ tòun kò fi sí nínú rẹ̀. Ní Challenge, àwọn ọmọ gáréèjì ló máa ń dá mi dúró. "Sọ̀féyọ̀ obìnrin! Ẹ wá bá mi wọn ọkàn mi wò, ìfẹ́ yín ti kún un!" Èmi náà á ní, "Nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀? Rúlà ọmọ ilé-ìwé ló máa wọ̀n ọ́n." Gbogbo gáréèjì á hó. Mo gbádùn ara mi, mi ò ní parọ́.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Nígbà tí mo dé, kálàmù onírin, yíǹkì dúdú àti bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la ń lò. Tí yíǹkì bá kán sílẹ̀, abẹ la fi ń ha á. Kọ̀ǹpútà dé nígbà tó yá. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, Ọ̀gá yí i ká, wọ́n ní, "Ó ti rìn dé Agbowó rí?" A ní rárá, sà. Wọ́n ní, "Kí ló wá fẹ́ yà?" Wọ́n fẹ̀yìn tì láìfọwọ́ kàn án. Èmi kọ́ ọ ní tèmi, nítorí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì sí ìlà tín-ín-rín, kọ̀ǹpútà sì máa ń sọ gbogbo nǹkan di ńlá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ dé, tó jẹ́ pé o dúró sójú kan báyìí, á sọ nọ́ńbà méjèèjì fún ọ. Ọ̀gá ti sùn nínú Olúwa nígbà náà. Mo máa ń rò ó pé bí wọ́n bá rí i, wọ́n á bèèrè èwo ló kọ́kọ́ kí.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa fẹ́ gbọ́. Ẹgbẹ́ kan dìde ní Bodija tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fẹ́ áàpù tí awakọ̀ á fi máa wá ilé. Ẹ ò rí i pé ẹnu ni wọ́n fi pè mí, ẹsẹ̀ ni mo fi sáré! Kúnlé ló ń ṣe áàpù náà, ọmọkùnrin kan láti Agbowó, orí rẹ̀ pé bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n kò ní jẹun àfi bí mo bá gbé e síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé inú Àpáta lọ́hùn-ún dáadáa. Tó bá jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni máàpù wà, awakọ̀ á dé ibẹ̀, máàpù á pòórá. Fáìlì gbogbo orúkọ àti ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù fúnra rẹ̀."

"Bí oúnjẹ inú kúlà tí ènìyàn gbé rìnrìn-àjò?"

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, mà. Áàpù á ṣí fáìlì náà nínú ara rẹ̀, á ka orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà méjì rẹ̀, á gbé e sí ipò rẹ̀."

Mo kó gbogbo orúkọ tí Ọ̀gá àti èmi ti fi ẹsẹ̀ wá jọ, mo tún rìn wá tuntun mọ́ ọn, orúnkún mi ń ké. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì. Kúnlé kó o wọ inú áàpù, ó fi ránṣẹ́ sí fóònù àwọn awakọ̀.

Ọjọ́ tí a fẹ́ fi áàpù náà hàn, àwọn tó fún ẹgbẹ́ náà ní ọkọ̀ wà níbẹ̀, àwọn dókítà wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ìrẹsì ti wà nínú kúlà. Kúnlé ní, "Ó yá, ẹ ṣí i." Wàsíù, awakọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Màmá Máàpù, ẹ forí jì mí o. Omi nìkan ni mo rí."

Ẹlòmíràn ní, "Èmi náà, orí omi ni mo wà."

Mo já fóònù gbà. Yéè! Àárín òkun ni gbogbo Ìbàdàn wà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá lọ́hùn-ún, níbi tí ẹja ń gbé. Bodija lórí omi, Agbowó lórí omi, Challenge lórí omi, gbogbo orúkọ wọn pé pérépéré pẹ̀lú àmì lórí. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò pàtàkì wa ní, "Ṣé ọkọ̀ ojú omi ló yẹ ká rà fún yín ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu gbé mi mì, kò lanu.

Kúnlé wo fáìlì, ó wo ojú mi. "Màmá, nọ́ńbà wo lẹ kọ ṣáájú?"

"Àríwá. Èwo ni ì bá tún jẹ́?"

"Ìlà-oòrùn ni áàpù ń retí ṣáájú, mà."

"Ta ló kọ́ ọ nírú ìwà bẹ́ẹ̀? Kó kí àbúrò kó tó kí ẹ̀gbọ́n?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, mà. Èmi rò pé gbogbo ayé ló mọ̀."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀!"

Òun náà bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀. Ó fi nọ́ńbà kejì ṣíwájú àkọ́kọ́, Ìbàdàn bá jáde nínú òkun lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo fóònù, a jẹ ìrẹsì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín o: títí di òní, mi ò gbà. Àríwá ni àgbà.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Títí, ọmọ Abíọ́nà, wá sílé láti wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Abíọ́nà oníyẹ̀fun ti di ìyá, olùkọ́ ni, ilé bàbá rẹ̀ ní Àpáta náà ló ṣì ń gbé. Èmi àti Kúnlé wà ní Bodija lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí fóònù mi dún.

"Àǹtí, Títí ti ń rọbí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ..."

Ó já. Mo pè é padà, kò lọ. Àǹtí Adùkẹ́ lórí àpò ìyẹ̀fun ni mo ń rí. Wàsíù ló sún mọ́ ibẹ̀ jù nínú àwọn tí ọwọ́ wọn ṣófo, ó wà ní Challenge. Mo pè é, mo ní kó ṣí áàpù, kó máa lọ sí Àpáta.

"Màmá, omi ni mo ṣì ń rí o!"

Kúnlé gbọ́ ọ, ó dìde fìrí, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Mo ti fi tuntun ránṣẹ́!"

"Ó kọ ọ́ pé ó ti dé," ni Wàsíù wí, "àmọ́ orí òkun ni mo wà."

Láti ọjọ́ ìrẹsì, ibi tí oníkálukú mọ̀ ni wọ́n ti ń gbé aláboyún, kò sí ẹni tó tún ṣí i wò. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ Kúnlé. "Wàsíù, gbàgbé áàpù. Fetí sí mi dáadáa. Tí o bá ti dé Àpáta, yà sí ọ̀tún ní ìdí àràbà..."

"Àràbà wo, Màmá?"

Ọ̀rọ̀ Bùọ̀dá Láyí ni mo sọ yẹn, láìyọ ọ̀kan kúrò! Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn igbẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ya máàpù, ìpayà dé bá mi, mo tún di ará Ìbàdàn. Yàtọ̀ síyẹn, wọ́n ti fi géètì dí àwọn òpópónà kan níbẹ̀, mi ò rántí èyí tó ṣí.

Kúnlé ti tẹ orí bọ kọ̀ǹpútà. Ó pariwo. "Mo ti rí i! Tí áàpù bá ṣí, ó ń wo inú ara rẹ̀ bóyá fáìlì wà. Ó rí ti àtijọ́ níbẹ̀, ó ní òun ti yó, kò fọwọ́ kan tuntun." Ó gba fóònù. "Ẹ̀gbọ́n Wàsíù, ẹ pa áàpù yẹn rẹ́ pátápátá kúrò lórí fóònù yín, kí ẹ tún un gbé sí i. Ẹ má kúrò ní Challenge kó tó wọlé tán o. Níwájú yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí mọ́."

"Kí n pa á rẹ́ kẹ̀? Tí kò bá padà ńkọ́? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí gan-an ń wọ́ nílẹ̀. Obìnrin ń rọbí, ẹ ní kí n dúró! Màmá, ṣé kí n máa lọ, kí n máa bèèrè lọ́nà?"

Kúnlé wojú mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ọmọ wa, ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń kù rìrì. Gbogbo ara mi ló ń wí pé kó máa lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí onítakisí tó tètè kúrò ní Dùgbẹ̀, tó bèèrè, tó bèèrè.

Mo ní, "Dúró. Pa á rẹ́."

Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. A ń gbọ́ ariwo Challenge lórí fóònù. Ọmọ gáréèjì kan ń bú Wàsíù pé kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Wàsíù ní, "Aláboyún ni mo fẹ́ lọ gbé, máàpù ló ń wọlé!" Ọmọ gáréèjì náà bá yíjú sí àwọn tó kù, a gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere: "Ẹ fi í sílẹ̀! Kí ẹnikẹ́ni má fun fèrè sí i!" Ọlọ́run á ṣàánú fún ọmọ yẹn. Èmi ń sọ gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ tí Ọlọ́run ń jẹ́. Kúnlé ń jẹ èékánná.

"Màmá! Ilẹ̀ ti yọ! Mo rí Challenge! Mo rí ara mi lórí ilẹ̀ gbígbẹ!"

"Wá Ìdí Àràbà!"

"Ìdí Àràbà... Ó ti jáde. Ìsọ̀ Oníbúrẹ́dì ló tẹ̀ lé e."

"Ilé wọn ló tẹ̀ lé ìsọ̀ náà. Máa lọ, ọmọ mi. Máa lọ!"

Ó lọ, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kúnlé ra omi fún mi, mi ò lè mu ún. Mo rìn yí yàrá yẹn ká títí akọ̀wé ibẹ̀ fi bẹ̀ mí pé kí n jókòó. Nígbà tí fóònù dún, Kúnlé ló gbé e sí mi létí. Abíọ́nà ni. Ó ní Wàsíù kò bi ẹnì kankan léèrè ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà ilé ló gúnlẹ̀ sí. Ó ní àwọn ti wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ọmọ sì ti dé, obìnrin ni, ìyá rẹ̀ ń sọ pé ebi ń pa òun. Mo sunkún. Kúnlé náà sunkún, ó ní eruku ló kó sí òun lójú.

Wàsíù sọ fún mi lẹ́yìn náà pé níbi tí máàpù ti ní kí òun yà, kò sí igi kankan, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ni òun rí. Ó ní òun kàn sọ pé, "Àràbà, mo kí ọ o," òun sì yà. Kúnlé tún áàpù ṣe, áàpù ti ń bèèrè báyìí bóyá oúnjẹ tuntun ti dé kó tó sọ pé òun ti yó.

Ẹ má bi mí pé ṣé kí ẹ ṣe iṣẹ́ máàpù. Irinṣẹ́ tí ẹ máa lò kò tíì dé, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lẹ́nu mi. Ẹ kàn wá ohun kan tó dùn yín gan-an nínú ayé yìí, tí ẹ kò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn, kí ẹ wá ìdí iṣẹ́ tó sún mọ́ ọn.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí Adùkẹ́ ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n fa ọwọ́ mi mọ́ra. Abíọ́nà gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Títí. Mo wo irun ọmọ náà, ó dúdú kirikiri, kò sí ìyẹ̀fun níbẹ̀.

Abíọ́nà ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ, wá orúkọ mìíràn jẹ́ o. Èmi nìkan ló ni tèmi, Àǹtí mi ti ti ìlẹ̀kùn orúkọ náà."